Ẹ gbà mí o, eyín kí ni mo fowó rà yìí?

Dèjì Peckham: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Inú ń bí mi ni mo fi ń kọ eléyìí, ẹ má bínú tó bá gùn. Mo ra eyín àti egungun ayé àtijọ́ kan, mẹ́rin ni, £120 ni mo san, ìyàwó mi ò tíì gbọ́ iye gidi, £40 ni mo sọ fún un. Ẹni tó tà á fún mi fi orí ìyá ẹ̀ búra pé ti dínósọ̀ ni. Mo wá gbé e fún bàbá kan tó ń ta irú ẹ̀ lọ́jà ọjọ́ Sunday, ó wò ó fìrí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa fi há ilẹ̀kùn. Ẹ̀gàn yẹn dùn mí ju owó lọ. Ọdún 6 ni mo ti ń kó fọ́sìlì jọ, mi ò kì í ṣe ọmọdé nídìí ẹ̀. Ọ̀kan gùn, ọ̀kan rí pẹlẹbẹ, ọ̀kan rí roboto, èyí tó kù rí págunpàgun. Fótò wà nísàlẹ̀. Dínósọ̀ wo ni?

Ìyá Ìbejì: £120 lórí eyín òkú! Ọkọ tèmi náà fowó iléèwé ọmọ ra kámẹ́rà tí ò ya nǹkan kan títí dòní.

Ṣẹ́gun Jíọ́lọ́jì: Bọ̀dá Dèjì, níbo ni wọ́n ti wà á? Kò sí rúlà nínú fótò, àtẹ́lẹwọ́ yín nìkan là ń rí. Tá ò bá mọ ibi tó ti wá, àméfò lásán la ó máa mé.

Alàgbà Kọ́lá: Ayédèrú ni. Mòrókò ni wọ́n ti ń ṣe é, eyín mosasaur, ẹran afàyàfà ńlá inú òkun ayé àtijọ́, láti Khouribga, wọ́n á fi góòmù àti yanrìn lẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun àgbọ̀n tí kì í ṣe tiẹ̀. Fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un, tó bá rùn bí ike, ike ni.

Ṣẹ́gun Jíọ́lọ́jì: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kó gún un! Iná UV ò ní bà á jẹ́, tí góòmù bá wà níbẹ̀ á máa tàn yàtọ̀.

Alàgbà Kọ́lá: Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń ra nǹkan báyìí.

Ọmọ Ewékorò: Bàbá mi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ǹtì. Wọ́n máa ń kó eyín ṣáàkì bọ̀ wálé nínú agolo mílíìkì. Ọjọ́ tá a kó lọ Ṣàgámù ni mọ́mì dà á nù, ó ṣì ń dùn mí.

Dèjì Peckham: Kì í ṣe ike. Mo fi ahọ́n kàn án, ó lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu bí egungun gidi ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ owó, owó mi ni.

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi ahọ́n kan KÍ NI?

Ṣẹ́gun Jíọ́lọ́jì: Bọ̀dá, níbo?

Dèjì Peckham: Ó dáa. Lomé ni. Mo lọ sìnkú àna mi, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa fọ́sífeètì, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, ní Hahotoé ní Tógò ló tà á. Mi ò fẹ́ sọ torí mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí bóyá mo gbàwé kí n tó gbé e kúrò nílùú. Mi ò gbà, inú bàtà ni mo kó o sí. Ìdọ̀tí ẹ̀ sì pọ̀, mo ti rì í sínú fínígà láti àná.

Ṣẹ́gun Jíọ́lọ́jì: Fínígà kẹ̀! Ẹ yọ ọ́ báyìí báyìí, á jẹ ẹ́. Hahotoé yẹn, abẹ́ òkun ló wà nígbà yẹn, bíi mílíọ̀nù 45 ọdún sẹ́yìn, dínósọ̀ sì ti run láti mílíọ̀nù 66. Roboto tó jìn kòtò lójú méjèèjì yẹn, egungun ẹ̀yìn ṣáàkì ni. Pẹlẹbẹ tó nílà bí ìyarun, eyín ẹja pẹlẹbẹ tí ìrù ẹ̀ dà bíi pàṣán, òun ló fi ń fọ́ ìkarahun. Gígùn yẹn, ó di ìgbà tí rúlà bá wà. Págunpàgun ńkọ́, gbòǹgbò mélòó?

Dèjì Peckham: Méjì. Wọ́n gùn, wọ́n yà síra bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò.

Ṣẹ́gun Jíọ́lọ́jì: Há! Ti ọ̀nì kì í rí bẹ́ẹ̀, ti ṣáàkì náà kì í gùn báyẹn. Ẹran tó ń fọ́mọ lọ́mú ni. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí àbùùbùtán ìgbà tí wọ́n ṣì ní ẹsẹ̀, 2014 ni wọ́n sọ ọ̀kan ní Togocetus. Ẹ kọ orúkọ Hahotoé sára ike tẹ́ ẹ kó o sí, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí músíọ̀mù, kẹ́ ẹ sọ bó ṣe dé ọwọ́ yín.

Alàgbà Kọ́lá: Ṣebí mo ti sọ pé kì í ṣe dínósọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ike lẹ sọ o, sà.

Dèjì Peckham: Mo ti yọ ọ́. Gbòǹgbò kan ti ń ṣẹ́ lẹ́búlẹ́bú bíi ṣọ́ọ̀kì. Ẹ jọ̀ọ́, èló ni wọ́n máa ń ra ti àbùùbùtán?