Oníbàárà mi ò fẹ́ sanwó antivirus mọ́: kí n yọ ọ́ ni, àbí kí n fi sílẹ̀?

Oníṣẹ́-Ẹ̀rọ Ìbarà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kó tó di ìjà.

Mo ní oníbàárà kan ní Òkè-Ìlewó tó ń kó oògùn fún àwọn kẹ́míìsì káàkiri Abẹ́òkúta. Kọ̀ǹpútà mọ́kànlá ni wọ́n ní. Èyí tó wà ní yàrá akáǹtì ló gbé àkọsílẹ̀ ọjà àti ìwé gbèsè dání, orí ẹ̀ sì làwọn yòókù ń wọlé sí. Antivirus olówó kan, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń lé fáírọ́ọ̀sì, wà lórí gbogbo wọn. Ẹni tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ kí n tó dé ló gbé e síbẹ̀. Ìparí oṣù yìí ni láísẹ́ǹsì ẹ̀ máa tán.

Ọ̀gá ní òun ò san kọ́bọ̀ mọ́. Ó ní láràárọ̀, ẹ̀rọ kì í ṣí bọ̀rọ̀, àwọn tó wá gbé ọjà á dúró ti káńtà, wọ́n á máa ṣépè. Ọmọ àbúrò ẹ̀ tó wà ní yunifásítì ti sọ fún un pé Defender tó bá Windows wá ti tó, ọ̀fẹ́ sì ni. Màmá tó ń bójú tó akáǹtì ò gbà. Wọ́n ní nígbà tí sélúmáànù kan ki flash bọ ẹ̀rọ àwọn, antivirus yìí ló figbe ta, àti pé bí a bá yọ ọ́, kẹ́nikẹ́ni má wá bi àwọn léèrè ìwé gbèsè. Èmi wà láàárín. Bí mo bá ní kí wọ́n san, ọ̀gá á ní mo ń jẹ nínú ẹ̀. Bí mo bá yọ ọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, èmi ni wọ́n máa dì mú. Kí lẹ̀yin máa ṣe?

Bọ̀dá Kútọ̀: Yọ ọ́ jàre. Defender ti tó. Kí wọ́n fi owó yẹn ra bátìrì ínfátà.

Ẹ̀gbọ́n Sápọ́n: Bọ̀dá Kútọ̀, ẹ rọra. Àbúrò, Windows wo ló wà lórí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn? Ọjọ́ 14 oṣù October 2025 ni Microsoft dá àtúnṣe ààbò Windows 10 dúró, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Bí Windows fúnra ẹ̀ bá ti lu, kò sí antivirus tó lè dí ihò yẹn. Rántí WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì èèyàn pa kó tó bèèrè owó ìtúsílẹ̀, May 2017. March ọdún yẹn ni Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò tó gbà wọlé jáde. Àwọn tí ò gbé e sórí ẹ̀rọ wọn ló kó sí i, títí kan àwọn ilé ìwòsàn ìjọba n'Ílùú Gẹ̀ẹ́sì tó ń dá aláìsàn padà sílé.

Ìyá Aládìrẹ Ìtòkú: Èmi ò mọ̀wé ẹ̀rọ o, aṣọ ni mò ń tà. Mo gbé flash lọ tẹ ìwé níbì kan, bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ṣí i, gbogbo àwòrán aṣọ mi ti di shortcut. Mo tẹ ọ̀kan, ló bá ràn mọ́ kọ̀ǹpútà. Antivirus ọ̀fẹ́ tí wọ́n bá mi gbé síbẹ̀ lẹ́yìn náà ló ń ṣọ́ mi títí dòní. Kí ló dé tí tiyín fi gbọ́dọ̀ jẹ́ olówó?

Àǹtí Àsérò: Ẹ kú ọjà, mà. Àwọn kan nínú antivirus ọ̀fẹ́, bíi ti Avast, kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé ilé ni wọ́n wà fún, kì í ṣe ibi ìṣòwò. Defender ò ní irú òfin yẹn.

Oníṣẹ́-Ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ ká yanjú ìfàsẹ́yìn àárọ̀ yẹn ná, torí òun gan-an ni ọ̀gá yín ń bá jà. Ẹ ṣí Task Manager gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ wo ohun tó ń jẹ disk. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé scan ni, ìyẹn bí antivirus ṣe ń yẹ gbogbo fáìlì wò. Àwọn tó ń ṣètò antivirus fẹ́ràn láti fi scan sí aago méjì òru. Ta ló ń tan kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láago méjì òru l'Abẹ́òkúta? Wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀, NEPA ò sì ṣèlérí fẹ́nìkan. Tí àsìkò scan bá kọjá báyẹn, ọ̀pọ̀ antivirus á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ tàn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ nìyẹn, kọ̀ǹpútà mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo wọn á tún máa fa update látorí MiFi kan ṣoṣo!

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ wo àwọn fódà tí wọ́n ní kí antivirus má yẹ̀ wò. Ẹni tó bá fi crack, ìyẹn ayédèrú kọ́kọ́rọ́, ṣí Windows tàbí sọ́fítíwíà sábà máa ń fi odindi dírááfù síbẹ̀ kó má bàa pariwo. Bẹ́ ẹ bá bá irú ẹ̀, ọdẹ tẹ́ ẹ ń sanwó fún ti kẹ̀yìn sí géètì.

Bọ̀dá Kútọ̀: Gbogbo yín ń dẹ́rù bà á lásán. CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà yẹn ńkọ́? Ọjọ́ 19 July 2024, update kan ṣoṣo láti ọ̀dọ̀ olówó gọbọi, kọ̀ǹpútà bíi mílíọ̀nù 8.5 dákú, bàálù ò lè gbéra. Àbí ti Rọ́ṣíà tí Amẹ́ríkà fòfin dè ló tiẹ̀ wà níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n Sápọ́n: Kaspersky lẹ ń wí. June 2024 ni ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de títà ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, nígbà tó fi máa di ìparí September, update ti dúró fún àwọn tó wà níbẹ̀. Òfin yẹn ò dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ohun tó kọ mí lóminú ni pé àwọn oníbàárà kan níbẹ̀ ṣàdédé bá UltraAV, antivirus mìíràn, lórí ẹ̀rọ wọn, wọn ò mọ ìgbà tó wọlé.

Àbúrò, orúkọ àti gbèsè ọmọ ọlọ́mọ ló wà nínú ẹ̀rọ akáǹtì yẹn. Òfin Ààbò Dátà ti 2023 fún ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò dátà, létí bó bá bọ́ síta tó sì lè pa àwọn èèyàn náà lára. Jẹ́ kí ọ̀gá ẹ mọ̀.

Àǹtí Àsérò: Defender ò burú, òun ni mò ń lò nílé. Ṣùgbọ́n tọ́fẹ́ yẹn ò ní ibi tẹ́ ẹ ti lè jókòó wo ẹ̀rọ mọ́kànlá pa pọ̀. Ọmọọṣẹ́ kan á pa á torí géèmù, ẹ ò ní mọ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi bẹ́yìn yọ. Microsoft ní Defender for Business tó ń ṣe ìyẹn, owó oṣooṣù sì ni lórí èèyàn kọ̀ọ̀kan. Níbo wá ni ọ̀fẹ́ ọ̀hún wà? Bẹ́ ẹ bá pàpà máa pààrọ̀, ẹ má gbé tuntun lé àtijọ́ lórí. Ẹ yọ ọ́ tán pẹ̀lú ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi sílẹ̀ fún yíyọ ọ́, ẹ pa ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tún un tàn, kẹ́ ẹ wò ó nínú Windows Security bóyá Defender ti jí.

Oníṣẹ́-Ẹ̀rọ Ìbarà: Àǹtí, aago méjì òru náà ni mo bá níbẹ̀! Mo ti sún un sí ọ̀sán Friday, tí káńtà máa ń dá nítorí Jímọ̀. Láàárọ̀ òní ẹ̀rọ ṣí wéré. Lórí ẹ̀rọ akáǹtì, odindi dírááfù D ni wọ́n ní kí antivirus má yẹ̀ wò, D yẹn sì ni ìwé gbèsè wà. Mo pe àwọn tó ni sọ́fítíwíà akáǹtì, wọ́n ní fódà kan ṣoṣo làwọn nílò. Márùn-ún nínú ẹ̀rọ wọn ṣì wà lórí Windows 10. Hard disk tí wọ́n ń kó ẹ̀dà fáìlì (backup) sí ńkọ́? Ẹ̀yìn ẹ̀rọ kan náà ló ń gbé tọ̀sán-tòru.

Mo ti ní kí ọ̀gá san ọdún kan sí i fún èyí tó wà nílẹ̀, ká fi ọdún yẹn kúrò lórí Windows 10. Ó mi orí, ó wá ní, "Èló lo máa rí níbẹ̀?"

Àǹtí Àsérò: Ẹ jẹ́ kó fi káàdì ara ẹ̀ san án, kí láísẹ́ǹsì wà lórí email ilé-iṣẹ́ wọn. Ẹ kọ owó iṣẹ́ yín sórí ìwé ọ̀tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n Sápọ́n: Hard disk méjì, kí ọ̀kan máa sùn síta ọ́fíìsì, kí fáírọ́ọ̀sì tó bá wọ ẹ̀rọ má bàa bá a níbẹ̀. Fi BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti disk pa, tì í kó tó jáde o.

Oníṣẹ́-Ẹ̀rọ Ìbarà: Ọ̀gá ti fúnra ẹ̀ sanwó. Màmá gbà láti máa gbé disk lọ sílé, ṣùgbọ́n wọ́n ní àfi kí wọ́n ra báàgì tí òjò ò lè wọ̀ fún àwọn. Owó báàgì ni wọ́n ń fà báyìí.