Báǹkì wa tó wà ní Gánà: ṣé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti Òkè-Ìléwó?

Àbẹ̀kẹ́ Ìtòkú: Ẹ kú àjò o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Àdìrẹ yáàdì márùn-ún márùn-ún ni mo ń kó ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Accra, ó ń tà á ní ọjà Makola. Owó rẹ̀ ló ń dà wá láàmú. Báǹkì tí mo ń lò ní Òkè-Ìléwó wà níbẹ̀, orúkọ kan náà, pátákó kan náà. Àbúrò mi fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì mi, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí rí. Èwo lèyí?

Bọ̀dá Ṣínà Accra: Àǹtí wa, ẹ kú ọjà. Wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ bàbá ni, olúkúlùkù ló ti kọ́ ilé tiẹ̀. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí Soludo, gómìnà báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí? Báǹkì 89 di 25. Owó wá kún ọwọ́ àwọn tó kù, ni wọ́n bá kọrí síta. Zenith wọ Gánà ní 2005, GTBank tẹ̀lé e ní 2006. Access dé ní 2009, ó sì gba Intercontinental ti Gánà mọ́ra ní 2012. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó tètè tóbi: ẹ̀ka ti wà nílẹ̀, oníbàárà ti wà nínú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bank of Ghana, báǹkì àpapọ̀ ibẹ̀, ló fún gbogbo wọn níwèé àṣẹ. Nígbà tí wọ́n ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù 400 sídì kí 2018 tó parí, kò sẹ́ni tó ní ti àwọn ọmọ Nàìjíríà yàtọ̀. Àkáǹtì yín àti BVN yín, nílé ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ṣàpọ́n: Ẹ má dẹ́rù ba àǹtí jàre. Báǹkì tiwa náà ni, wọ́n á gbọ́ Yorùbá.

Bọ̀dá Ṣínà Accra: Ọmọ Kumasi ló jókòó sí káńtà tèmi. Twi ló fi kí mi, Ghana Card, káàdì ìdánimọ̀ wọn, ló sì kọ́kọ́ bèèrè.

Ìyá Ìbejì Tema: Ọ̀rọ̀ káàdì yẹn gan-an ni. Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, àbúrò yín ni kó ṣí àkáǹtì, kì í ṣe ẹ̀yin. Láti oṣù Keje 2022, káàdì yẹn ni báǹkì ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Káàdì ti àlejò wà lọ́tọ̀. Kó mú ìwé ilé tó ń gbé dání. Kó so MoMo rẹ̀, àpò owó orí fóònù, mọ́ àkáǹtì náà, torí MoMo ni oníbàárà ń fi sanwó ní Makola báyìí. Bí ọjà bá ti tú, kó ti owó ọjọ́ náà sí báǹkì.

Kó má tọ́jú owó jọ síbẹ̀ pẹ́ o. Bí báǹkì bá dákú ní Gánà, 6,250 sídì ni òpin ohun tí òfin ìdójútòfò wọn ní kí wọ́n san fún oníbàárà. NDIC tiwa, àjọ tó ń dójútòfò owó báǹkì, ti sún tiẹ̀ dé mílíọ̀nù 5 náírà láti 2024, ṣùgbọ́n owó tó bá wà nílé nìkan ni. Àwọn àgbà tí Busia, olórí ìjọba Gánà, lé kúrò níbẹ̀ ní 1969 mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn.

Àbẹ̀kẹ́ Ìtòkú: Báwo ni yóò ṣe wá dé ọwọ́ mi? Àwọn tó ń ṣẹ́ owó ń jẹ wá run.

Bọ̀dá Ṣínà Accra: Kó bi báǹkì rẹ̀ bóyá wọ́n ti wà lórí PAPSS, ètò ìsanwó láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Accra náà ni wọ́n ti ṣí i ní oṣù Kìíní 2022. Sídì ni yóò san, náírà lẹ ó gbà, kò sí pé à ń kọ́kọ́ wá dọ́là. Kó ní rìsíìtì ẹrù lọ́wọ́, wọ́n á bi í ohun tí owó náà wà fún.

Àbẹ̀kẹ́ Ìtòkú: Ó ti yé mi. Káàdì àlejò yẹn ńkọ́, ọ̀fẹ́ ni?

Ìyá Ìbejì Tema: Rárá o. Ọ́fíìsì National Identification Authority ni kó lọ. Owó ni àlejò ń san, ọdọọdún ló sì ń tún un ṣe.