Gbèsè mẹ́rin ló wà lọ́rùn mi: èwo ni kí n kọ́kọ́ san, ṣé kí n sì dá àjọ dúró?

Aránṣọ Ìbàdàn béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Aránṣọ ni mí ní Ìbàdàn, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan àti ọmọ-iṣẹ́ méjì. Nígbà tí àìsàn dá ọkọ mi dúbúlẹ̀, owó ilé ìwòsàn àti owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ bọ́ sí àkókò kan náà, bí gbèsè ṣe wọlé tọ̀ wá nìyẹn. Ara ọkọ mi ti yá báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n gbèsè náà kò tíì lọ.

Àkọ́kọ́ ni ₦80,000 tí mo yá lórí fóònù. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n ń fún mi, èlé rẹ̀ jẹ́ ₦16,000, bí n kò bá sì rí gbogbo rẹ̀ san, èlé nìkan ni mo máa ń san kí wọ́n lè sún ọjọ́ síwájú. Èkejì ni owó gbọ́mú-lé-lántà tó ku ₦160,000, tí èmi àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ń dá padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. ₦8,000 ni tèmi. Mo tún jẹ ẹni tí ń ta láínín àti síìpù fún mi ní Gbági ní ₦60,000, mo sì jẹ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ₦100,000 tí kò gba èlé lé lórí.

Ní oṣù tí iṣẹ́ bá dá, lẹ́yìn oúnjẹ, owó ilé àti owó iná, nǹkan bíi ₦65,000 ló máa ń kù. Inú rẹ̀ ni mo ti ń san ti ọ̀sẹ̀, inú rẹ̀ náà ni mo ti ń dá àjọ ₦1,000 lójúmọ́, ìgbà tí mo bá sì kó àjọ ni mo ń rí èlé orí fóònù san. Èwo ni kí n kọ́kọ́ dojú kọ nínú wọn? Ṣé kí n dá àjọ dúró ni? Àwọn ti orí fóònù ti ń fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà mí, wọ́n sì ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà mi. Mo ti lé ní ogójì ọdún, n kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì kankan tí mò ń retí.

Akápò Alájẹṣẹ́kù fèsì pé:

Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Ẹ má wo bí gbèsè kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, iye tó ń jẹ lára yín lóṣù kan ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá ń san ₦16,000 lóṣooṣù láti fi sún ọjọ́ síwájú, ẹ ó ti san ₦192,000 kí ọdún kan tó yí po, ₦80,000 náà yóò sì wà níbẹ̀ láìdín kọ́bọ̀. Owó ẹ̀gbọ́n yín pọ̀ jù ú lọ, síbẹ̀ kò tíì fi kọ́bọ̀ kan gorí ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti yá a. Ti orí fóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ san.

Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n yín àti oníláínín kí wọ́n tó wá bá yín. Ẹ dá ọjọ́ fún wọn, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ ó máa mú wá, kódà bó jẹ́ ₦3,000 péré lóṣù. Ní ti gbọ́mú-lé-lántà, ẹ má ṣe jẹ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, nítorí àwọn obìnrin tó dúró fún yín ni wọn yóò ní kó san án.

Ẹ wá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó dúró dáadáa ní àdúgbò yín, kí ẹ sì wọlé báyìí. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù ni èlé. Ìyẹn ni pé ₦800 ni èlé ₦80,000 ní oṣù àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́, pẹ̀lú onídùúró, ṣùgbọ́n wọ́n á fẹ́ kí ẹ ti wà láàárín wọn fún oṣù mélòó kan. Irú owó bẹ́ẹ̀ nìkan ni mo lè gbà yín nímọ̀ràn láti fi san gbèsè mìíràn.

Ní ti àjọ, èmi yóò ní kí ẹ dá a dúró. Bí ₦30,000 yẹn bá ń lọ sórí gbèsè fóònù lóṣooṣù, tí wọ́n sì gbà kí ẹ máa dín ojú owó kù, yóò tán láàárín oṣù márùn-ún.

Ìyá Ọlọ́jà fèsì pé:

Akápò, mo fara mọ́ ohun tí ẹ sọ nípa èlé, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ dídá àjọ dúró pátápátá. Àìsàn ló ti ìdílé yìí sínú gbèsè. Bí ibà bá mú ọmọ lóru, tí kò sì sí ₦10,000 nínú ilé, orí fóònù yẹn kan náà ni wọn yóò padà sí. Ẹ jẹ́ kí ó dín in kù sí ₦300 lójúmọ́, kí ₦700 máa lọ sórí gbèsè, kódà bó bá fi oṣù bíi mélòó kan pẹ́ sí i.

Àbúrò mi, ẹ rántí pé alájọ náà ń gba tirẹ̀. Nínú káàdì onílà mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn, ìlà kan jẹ́ tirẹ̀: bí ẹ bá dá ₦1,000 fún ọjọ́ 31, ₦30,000 ni ẹ ó kó. N kò bínú sí wọn, nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn wá bá wa nínú òjò àti oòrùn, ṣùgbọ́n ẹ máa kó o lóṣooṣù, kí ẹ má jẹ́ kí ó pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí ẹ bá rí èésú láàárín àwọn obìnrin tí ẹ mọ̀ dáadáa, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ kọ́kọ́ kó, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ kó èésú ti yá owó láìsan èlé.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé ẹ kò sọ iye tí àwọn oníbàárà jẹ yín. Mo mọ iṣẹ́ aránṣọ. Wọ́n á wá gba aṣọ ẹbí ní àárọ̀ ọjọ́ òde, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, ẹ kò sì ní rí wọn mọ́ títí aṣọ ẹbí mìíràn yóò fi dé. Ẹ gba ìdajì owó kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ, kí aṣọ náà sì wà lára ògiri nínú ọ̀rá rẹ̀ títí wọ́n á fi san ìyókù. Iṣẹ́ Iléyá àti ti Kérésìmesì ni kí ẹ fi lé gbèsè lọ: kí owó náà tó dé ni kí ẹ ti pín in.

Agbẹjọ́rò fèsì pé:

Mo fẹ́ dáhùn ti ọlọ́pàá. Òfin Iléeṣẹ́ Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí ọ̀rọ̀ àárín ẹnì méjì tàbí nítorí àdéhùn tó yẹ̀. Ilé ẹjọ́ ni ẹni tí ẹ jẹ lówó lè pè yín sí. Àmọ́ ẹ má ṣe kọ sọ̀wédowó tí kò ní owó lẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni, nítorí ìyẹn jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà yín, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 wà, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, sì ti gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù láti ọdún 2022. Ẹ ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ náà pamọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà, kí ẹ sì fi ẹ̀sùn kàn wọ́n. Ẹ̀sùn náà kò pa gbèsè rẹ́ o. Kí ẹ má sì rò pé ẹ lè gbé owó sá lọ sí bánkì mìíràn: láti ọdún 2020 ni Bánkì Àpapọ̀ ti fún àwọn bánkì ní àǹfààní láti gba gbèsè wọn nínú àkáǹtì yòówù tó bá so mọ́ BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ní bánkì) ẹni tó yá owó.

Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì fèsì pé:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ọjọ́ ogbó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Láti ọdún 2019 ni ètò owó ìfẹ̀yìntì ti wà fún oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò lábẹ́ PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, kò sì dìgbà tí ènìyàn bá ní ọ̀gá kó tó wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á máa san ohun tí agbára rẹ̀ ká; apá kan ṣe é gbà jáde bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, apá kejì ń dúró de ọjọ́ ogbó. Nígbà tí gbèsè bá ti tán, ẹ tún lè ra ìwé ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀, FGN Savings Bond, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017. ₦5,000 ni owó tó kéré jù tí wọ́n ń gbà, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì ń san èlé. Bí ẹ bá fi owó sí bánkì, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dá owó padà fún ènìyàn bí bánkì bá kógbá sílé, dúró fún un dé ₦5,000,000 fún ẹnì kan, àti ₦2,000,000 ní bánkì kékeré, láti ọdún 2024.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun yóò sọ owó yín di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, ẹ má dá a lóhùn. MMM ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, CBEX sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ó sì dun àwọn ará Ìbàdàn yìí gan-an.

Aránṣọ Ìbàdàn fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ṣí ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí, mo ka orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó, ó sì jẹ́ ₦74,000. Mo ti ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Ìyá Ọlọ́jà ni mo fẹ́ tẹ̀ lé lórí àjọ, màá sì lọ rí ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ Àìkú. Agbẹjọ́rò, ẹ jọ̀wọ́, bí àwọn ti orí fóònù bá kọ̀ láti gba owó díẹ̀díẹ̀, ṣé kí n kọ lẹ́tà sí wọn kí n tó san ohunkóhun ni, àbí kí n kàn máa sanwó, kí n sì máa tọ́jú ẹ̀rí?