Fáànù ń tan padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá fi rìmóòtù pa á

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo sákíìtì yìí tí mo fi ń fi rìmóòtù tan fáànù tàbí gílóòbù, tí mo sì fi ń pa á.

TSOP1738 ló ń gba àmì rìmóòtù. Ó wọ ẹsẹ̀ 2 lára 555, áísì tó ń díwọ̀n àkókò (100 kΩ, 10 µF, bíi ìṣẹ́jú-àáyá kan), torí bí a bá tẹ rìmóòtù lẹ́ẹ̀kan, àmì tó ń rán kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹsẹ̀ 3 555 náà lọ sí ẹsẹ̀ 14 CD4017, áísì tó ń ka iye ìgbà tí àmì bá wọlé. Lára 4017, ẹsẹ̀ 4 padà sí 15, 13 wọ ilẹ̀, ẹsẹ̀ 2 gba 1 kΩ kọjá sí tíránsísítọ̀ BC547 tó ń wa relay 12 V (swíìṣì tí iná ń ṣí, tó sì ń pa). 7805 ló ń fún àwọn yòókù ní 5 V.

Gílóòbù kò ní wàhálà rárá. Fáànù òkè àjà ni ìṣòro: bí relay bá ṣe já báyìí, iná á ta pàrà láàárín ẹnu rẹ̀, fáànù á tún tan. Dáyóòdù 1N4007 ti wà lára kọ́ìlì relay, kàpásítọ̀ 0.1 µF sì wà nídìí 4017, kò yí padà.

Láti pa iná tó ń ta pàrà yẹn, ṣé kí n fi 100 Ω àti kàpásítọ̀ X2 (irú èyí tó wà fún iná ilé) 0.1 µF, 275 V, dábùú ẹnu relay ni, àbí dábùú fáànù gan-an? Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé lórí 240 V, bí mo bá fi í dábùú ẹnu relay, bíi 7.5 mA á máa gba inú rẹ̀ kọjá bí relay bá tilẹ̀ ti já, gílóòbù LED á sì máa tàn fírífírí bí a bá gbé e síbi tí fáànù wà. Ṣé wáyà 240 V tó sún mọ́ 4017 ló fà á?