Oníbàárà mi kan ṣoṣo ti lọ: báwo ni òǹkọ̀wé aládàáni ṣe ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́?

Akọ̀wé Mọ́kọ́lá béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹgbẹ́ mi. Ìbàdàn ni mo ń gbé, ó sì ti di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ láti máa kọ àròkọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ ohun tí wọn yóò gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń ta èròjà iná oòrùn ní Ìkẹjà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àròkọ méjìlá ni mo ń kọ fún wọn lóṣooṣù, 180,000 náírà ni wọ́n sì ń san. Nítorí pé owó náà kì í yẹ̀, n kò wá ẹlòmíràn kún wọn. Kódà, àwọn méjì wá bá mi fúnra wọn, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, wọn kò sì padà wá mọ́.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ọ̀gá tuntun dé sí ilé-iṣẹ́ náà. Ọjọ́ Ajé kan ni mo rí ìlà mẹ́ta gbà lórí WhatsApp pé ẹ̀rọ AI tí ń dá kọ̀wé ni wọn yóò máa fi kọ àròkọ wọn láti ìsinsìnyí lọ, àti pé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Owó oṣù tí mo ṣe kẹ́yìn ṣì wà lọ́wọ́ wọn títí di òní. Kò sí ìwé àdéhùn kankan láàárín wa, orí WhatsApp náà ni a ti sọ gbogbo rẹ̀.

N kò fẹ́ padà sí kíláàsì. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá nídìí iṣẹ́ yìí, kí ni ẹ ṣe tí ó fi jẹ́ pé bí oníbàárà kan bá lọ, ilé yín kò dàrú? Mo tún ń ronú láti máa túmọ̀ ìwé sí èdè Yorùbá. Ṣé owó wà níbẹ̀ lóòótọ́?

Ìyá Onígègé dáhùn pé:

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Kí a tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, jẹ́ kí a ṣírò iṣẹ́ tí o ti ń ṣe. 180,000 náírà fún àròkọ méjìlá jẹ́ 15,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fi ọjọ́ kan wádìí, tí o sì fi ọjọ́ kejì kọ ọ́ kí o tún un kọ, ọjọ́ mẹ́rìnlélógún ti lọ nínú oṣù, ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni ó ṣẹ́kù fún ọ. Inú 15,000 yẹn kan náà ni owó dátà wà, ibẹ̀ ni owó epo jẹnẹrétọ̀ wà, ibẹ̀ ni ọjọ́ tí ara rẹ kò bá dá wà, àti kọ̀ǹpútà tí yóò kú mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan. Òṣìṣẹ́ wọn ni ọ́ bí a bá fi wákàtí wò ó, ṣùgbọ́n o kò ní ìsinmi ọdún, o kò ní owó ìfẹ̀yìntì, wọn kò sì ki ọ́ nílọ̀ kí wọ́n tó ní kí o máa lọ. Ìwọ̀fà pàápàá mọ iye gbèsè tí ó gbé òun dé oko olówó. Ìwọ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Owó kékeré wà nínú ohun tí ó dùn ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó pa ọ́ lára gan-an ni pé iṣẹ́ náà kò fi ọjọ́ kankan sílẹ̀ fún ọ láti wá iṣẹ́ mìíràn. Àṣà tí mo fi lélẹ̀ fún ara mi láti ọdún 2016 ni pé oníbàárà kankan kò gbọdọ̀ gbà ju ọjọ́ méjì lọ nínú ọ̀sẹ̀ mi, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ dùn tó. Ọjọ́ Ẹtì kì í ṣe ti oníbàárà kankan. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, n óò mú ìwé àjákọ kan báyìí tí mo fa ìlà sí: orúkọ ẹni tí mo kọ̀wé sí, ọjọ́ tí mo kọ ọ́, èsì tí ó fọ̀, àti ọjọ́ tí ó yẹ kí n tún kí i. Ìwé kẹrin nìyí tí mo ń lò. Nígbà mìíràn mo lè kọ lẹ́tà mẹ́wàá kí ẹyọ kan ṣoṣo tó fèsì. Ẹni náà lè sọ pé kí n padà wá lẹ́yìn ọdún Iléyá, n óò sì padà lọ lẹ́yìn ọdún Iléyá nítòótọ́, torí pé ìwé náà kì í jẹ́ kí n gbàgbé.

Nígbà tí mo wo ìwé wọ̀nyẹn wò lọ́dún tó kọjá, mo rí i pé àwọn tí mo ti ṣiṣẹ́ fún tẹ́lẹ̀, tí wọ́n kúrò níbi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, ni wọ́n mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi wá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bi ọ́ léèrè: ọ̀gá tuntun lé ọ, ó dára, ọ̀gá àtijọ́ tí ó gbà ọ́ síṣẹ́ ńkọ́? Níbo ni ó wà báyìí?

Alájọ Òṣogbo dáhùn pé:

Ìyá ti sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, èmi yóò sọ ti owó, torí pé mo ti rí àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n mọ̀ ọ́n kọ ju èmi lọ, tí ebi sì lé wọn kúrò nídìí rẹ̀.

Télọ̀ àdúgbò rẹ kò ní fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ kí o tó fi nǹkan sílẹ̀. Èmi náà ń gba ìdajì kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ń gba ìyókù kí n tó fi ẹ̀dà tí a ti parí ránṣẹ́. Fún ẹni tí a bá jọ ń ṣiṣẹ́ lóṣooṣù, ọjọ́ kìíní oṣù ni owó ń wọlé, kì í ṣe ìparí rẹ̀. Ojú kọ́kọ́ máa ń ti ènìyàn láti béèrè. Àwọn tí wọ́n bá bínú sí ìbéèrè yẹn ni àwọn tí wọn kò ní san tẹ́lẹ̀, o kò pàdánù ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìwé àdéhùn, ojú ìwé kan ti tó: iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe, iye rẹ̀, ọjọ́ tí owó yóò wọlé, iye ìgbà tí wọ́n lè ní kí o tún un kọ (ìgbà méjì ni tèmi), àti ọjọ́ mélòó ni ẹnikẹ́ni nínú yín yóò fi ṣe ìkìlọ̀ bí ó bá fẹ́ dáwọ́ dúró. Òfin Copyright ti ọdún 2022 nílẹ̀ wa sọ pé ẹni tí ó kọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, ni ó kọ́kọ́ ni iṣẹ́ náà àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Nítorí náà, kọ ọ́ sínú ìwé pé ọjọ́ tí owó bá pé ni iṣẹ́ yóò di tiwọn. Gba àyè níbẹ̀ pẹ̀lú láti fi iṣẹ́ náà han ẹlòmíràn. Akọ̀wé lẹ́tà ni bàbá mi àgbà, ẹ̀gbẹ́ kóòtù ni ó ń jókòó sí, tòun ti tábìlì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti agboòrùn kan. Òfin ayé òyìnbó ní kí irú wọn kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara wọn sí lẹ́tà tí wọ́n bá bá aláìmọ̀wé kọ, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín pé òun kò sanwó ìpolówó rí, gbogbo lẹ́tà tí ó bá dé Èkó ló ń bá òun gbé orúkọ lọ. Ìwọ ti kọ àròkọ rẹpẹtẹ fún ọdún mẹ́ta. Mélòó ni orúkọ rẹ wà lórí rẹ̀?

Gbèsè tí wọ́n jẹ ọ́ kò tíì sọnù. Má ṣe pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn rẹ́, torí pé òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 gba ẹ̀rí tí ó wá láti inú kọ̀ǹpútà bí ènìyàn bá tẹ̀lé ìlànà rẹ̀. Kọ ìwé owó (invoice) tí ó ní déètì, fi ránṣẹ́ sí akáǹtáǹtì wọn, kì í ṣe sí ọ̀gá tuntun yẹn. Bí wọ́n bá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, Ìkẹjà ni wọ́n wà, ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ní kóòtù fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ láti ọdún 2018. Lẹ́tà tí a fi ń béèrè gbèsè ni o máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni lẹ́tà yẹn nìkan máa ń tó.

Àkáǹtì méjì ni kí o ní. Kí gbogbo owó iṣẹ́ máa wọ ọ̀kan, kí o sì máa san iye kan náà fún ara rẹ lóṣooṣù sínú èkejì, yálà oṣù náà tú yáyá tàbí ó gbẹ. Mo dá èsúsú pẹ̀lú àwọn oníṣòwò nígbà kan, oṣù tí oníbàárà mi pẹ́ẹ́ san ni ó kàn mí láti dá, ojú tì mí dé ilẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀ kí n tó dá èsúsú kankan. Ti owó orí ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026 tí òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í gba owó orí lórí 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú ohun tí ènìyàn ń san owó orí lé lọ́dún, ṣùgbọ́n ó yẹ kí o fi àkọsílẹ̀ owó tí ó wọlé fún ọ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀ rẹ kí oṣù Kẹta tó parí. Tọ́jú rìsíìtì dátà àti epo rẹ.

Àyìnlá Ìkòròdú dáhùn pé:

N kò ní pẹ́. Ẹ má ṣe sá fún oníbàárà kan kí ẹ lọ bọ́ sọ́wọ́ ìkànnì kan. Títí di ọdún 2023, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni Upwork, ìkànnì tí aládàáni ti ń pàdé oníbàárà, ń yọ lára 500 dọ́là àkọ́kọ́ tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan bá san. Ọdún náà ni wọ́n sọ ọ́ di ìdá mẹ́wàá fún gbogbo owó, ní 2025 wọ́n tún yí i padà. Wọn kò pe ẹnì kankan nínú wa jókòó kí wọ́n tó ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé oníbàárà mi àkọ́kọ́ lókè òkun, n kò bú wọn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni mo kà á sí.

Ohun kejì: ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa fúnra rẹ̀ sọ iye rẹ̀ sí dọ́là, mo ti fọwọ́ sí iṣẹ́ ọdún kan gbáko ní náírà. Iye kan náà ni mo ń gbà títí ó fi parí, ohun tí ó ń rà sì ń kéré sí i lóṣooṣù. Gbogbo àdéhùn mi ló ti ní ìlà kan báyìí tí ó sọ pé a óò tún iye owó wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ògbufọ̀ Ìjẹ̀bú dáhùn pé:

Àbúrò, owó wà nínú títúmọ̀ sí Yorùbá, kì í kàn ń ṣe èyí tí ń ṣàn bí odò ni. Àwọn tí ó ń gbé iṣẹ́ fún mi jù ni àwọn olùwádìí ní yunifásítì, tí wọ́n nílò ìwé ìbéèrè àti ìwé ìgbàṣẹ (èyí tí ènìyàn fi ń gbà láti kópa nínú ìwádìí) tí aráàlú yóò lóye. Wọ́n máa ń fẹ́ kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ẹlòmíràn tí kò rí ìwé àkọ́kọ́ tún dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè rí ibi tí ìtumọ̀ ti yà. Iṣẹ́ méjì nìyẹn, fún ènìyàn méjì, nítorí náà mọ àwọn ògbufọ̀ mìíràn, ẹ óò máa pe ara yín.

Má ṣe gbà kí wọ́n fi iye ọ̀rọ̀ Yorùbá san owó fún ọ. "Kí ó" jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, "kó" jẹ́ ẹyọ kan, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ. Ẹni tí ó bá ń wá owó lè fi ìyẹn nìkan fa ìwé gùn. Iye ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbé wá ni kí ẹ fi ṣírò, ẹ̀yin méjèèjì yóò sì mọ iye rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan, mo túmọ̀ ìwé pélébé kan lórí ìmọ́tótó, mo fi gbogbo àmì sí i, mo sì fi ránṣẹ́. Nígbà tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé jáde, irú lẹ́tà (fọ́ǹtì) tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kò mọ àmì wa. "Ẹ fọ ọwọ́ yín" ti di "E fo owo yin". Ẹgbẹ̀rún méjì ẹ̀dà ni wọ́n ti tẹ̀, orúkọ mi sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ń gba owó ọ̀tọ̀ báyìí láti ka ẹ̀dà ìkẹyìn kí ó tó wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, n kì í sì í fi orúkọ sí ohun tí n kò bá kà.

Ẹ̀rọ náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ọdún 2013 ni Google Translate ti ń túmọ̀ Yorùbá, èyí tí ó dé lẹ́nu àìpẹ́ yìí sì gbọ́n jù ú lọ. Wọ́n á gbé ohun tí ẹ̀rọ ti túmọ̀ wá, wọ́n á ní kí o kàn tún un ṣe ní ìdajì owó. Kí o tó gbà, tún ojú ewé kan ṣe, kí o sì wo aago. Nígbà tí mo ṣe é, ojú ewé kan gbà mí ju ìgbà tí mo bá fúnra mi túmọ̀ rẹ̀ lọ, torí pé mo ní láti máa wo àmì lórí gbogbo ọ̀rọ̀ bóyá ọkọ ni wọ́n ń sọ tàbí ọkọ̀. Mo fi àkọsílẹ̀ aago yẹn ránṣẹ́ sí oníbàárà, a sì jọ fi iye mìíràn sí i.

Akọ̀wé Mọ́kọ́lá tún kọ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá Onígègé, ìbéèrè yín kò jẹ́ kí n sùn. Mo wá nọ́ńbà ọ̀gá mi àtijọ́ kàn, mo sì pè é lánàá. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ni ó wà báyìí. Ó ní òun rò pé àwọn ará Ìkẹjà ṣì gba gbogbo ọjọ́ mi ni òun kò ṣe pè mí. Àròkọ méjì lóṣù ni ó fẹ́, 35,000 náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ní kí ó fi ìdajì ṣíwájú, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "O ti gbọ́n báyìí," ó sì gbà.

Mo ti fi ìwé owó ránṣẹ́ sí akáǹtáǹtì ti Ìkẹjà. Ó ní wọn kò fi tèmi hàn òun láti ọjọ́ yìí, àti pé kí n fún òun di ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Ìwé àjákọ mi ti ní ìlà mẹ́rin, orúkọ ẹni méjì tí mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù nígbà yẹn ni ó wà lókè. Ọ̀kan ti fèsì pé àwọn ti rí ẹlòmíràn. Èkejì kò tíì sọ nǹkan kan.