Àbọ̀ rèé lórí ìwé alàwòrán tí mo béèrè

Ẹ kú àdúrótì. Ìbéèrè mi ni pé kí ni kí n ṣe sí ọmọ tó jẹ́ pé àwòrán nìkan ló ń wò, tó wá ń méfò ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀. Ó ti lójùútùú.

Ẹni tó ní kí n wá ìwé tí gbólóhùn kan náà ń padà wá lójú ewé kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀rọ̀ kan péré ń yàtọ̀, ọlọ́jọ́ ayé yín á pẹ́. Ìka ọmọ fúnra rẹ̀ ni mo ń fi tọ abẹ́ ọ̀rọ̀ lọ. Lálẹ́ àná, wọ́n kọ "Ajá sùn", ó kà á ní "Ajá dùbúlẹ̀". Mi ò ní kò gbà á. Mo ní, "Lẹ́tà wo ló bẹ̀rẹ̀ èyí?" Ó tẹjú mọ́ ọn, ó fa "sss" títí, ló bá pariwo: "Sùn!"

Ìmọ̀ràn pé kí n máa bi ọmọ ní ìbéèrè bíi "Kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?" náà dára. Olùwádìí kan, Whitehurst, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 1988 pé irú rẹ̀ ń mú kí ọmọ tètè mọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ nìyẹn o. Lẹ́tà ṣì ń fẹ́ kí èèyàn nàka sí i.

Ìwé tó ń dún, tó ní fèrèsé bébà tí ọmọ ń ṣí? Ohun ìṣeré ni lójú tèmi.

Mo ti ti ìbéèrè yìí. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀, kó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀.