Aago quartz tó ṣeé wọ̀ ròde fún bàbá mi tó ń rìtáyà, èwo ni kí n rà?

Ọmọ Tíṣà:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn yín, ó sì yá díẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni bàbá mi máa rìtáyà lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n n'Íbàdàn níbí, àwa ọmọ wá dáwó jọ pé aago ọwọ́ la máa fún wọn torí èyí tó wà lọ́wọ́ wọn ti gbó kọjá bó ṣe yẹ, bẹ́líìtì ẹ̀ já, òwú dúdú ni wọ́n fi rán an tí wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ lọ. Owó tó wà nílẹ̀ ò ju ₦150,000 lọ. A fẹ́ èyí tó máa bá agbádá lọ tó sì máa bá kóòtù lọ, a ò fẹ́ àwọn tó tóbi gbàǹgbà tí wọ́n ní bọ́tìnnì yí ká yẹn. Oníbátìrì la fẹ́, quartz, torí Alhaji ò fẹ́ràn nǹkan tó máa gba wàhálà. Àbúrò mi ọkùnrin ní góòlù ni ká rà, ojú ẹ̀ dúdú, bẹ́líìtì léda dúdú, pé ìyẹn ló ń fi èèyàn hàn bí ẹni ńlá lóde. Mo ti rí irú ẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wù mí gan-an lóòótọ́, àmọ́ ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, awò ni wọ́n ń lò, mi ò sì mọ nǹkan kan nípa aago. Kí ni kí n máa wò kí n tó sanwó?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á jẹ́ kí Bàbá jẹ èrè iṣẹ́ wọn pẹ́. Tèmi ò ní gùn. Ẹ fi oníbátìrì sílẹ̀ jàre, Seiko 5 ni kí ẹ bá wọn rà. Gbogbo àwọn bàbá tó mọ̀wé láyé ijọ́un, òun ló wà lọ́wọ́ wọn, kò lo bátìrì rárá, bí ọwọ́ bá ṣe ń mì ló ń wáíǹdì ara ẹ̀. Òmíràn wà tí ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ẹ máa rí ẹ̀rọ inú bó ṣe ń yí. Aago nìyẹn. Quartz kò ní ìtàn kankan.

Alágogo Dùgbẹ̀:
Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, mo kí yín o. Seiko 5 ò níṣòro, mò ń tún un ṣe títí dòní, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Alhaji tó ti rìtáyà, tó jẹ́ pé ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ òde ló kù tí wọ́n á máa gbé aago sọ́wọ́, tí wọ́n bá bọ́ automatic, ìyẹn aago tó ń wáíǹdì ara ẹ̀ yìí, sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, Túsìdeè ò ní ṣú kó tó dúró, torí agbára tó ń tọ́jú sínú kì í ju bíi wákàtí 41 lọ. Wọ́n á tún jókòó, wọ́n á máa tún àkókò tò, wọ́n á tún déètì tò, pẹ̀lú ojú tí ọmọ wọn sọ fún wa yìí. Quartz ní tiẹ̀, ẹ jù ú sínú dúrọ́ọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ibi tó ti ń lọ lẹ máa bá a. Automatic olówó kékeré lè fi ogún ìṣẹ́jú àáyá yà sí iwájú tàbí ẹ̀yìn lójúmọ́, quartz tó dáa díẹ̀, ogún yẹn ló máa yà, àmọ́ láàárín oṣù kan gbáko ni.

Ti pé quartz ò nítàn, rárá o. Òkúta kékeré kan tí wọ́n ń pè ní quartz ló wà níkùn ẹ̀ tí wọ́n gé bíi fọ́ọ̀kì ẹlẹ́nu méjì, iná bátìrì ló ń mú kó máa gbọ̀n nígbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà méjìlélọ́gbọ̀n àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, 32,768 gan-an, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á wá máa pín iye yẹn sí méjì, á tún pín in sí méjì, títí tó fi máa ku ẹyọ kan, ẹyọ kan yẹn ló ń ti ọwọ́ tín-ín-rín yẹn síwájú, ìdí nìyẹn tó fi ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ọjọ́ 25 oṣù December 1969 ni Seiko gbé àkọ́kọ́ ẹ̀ jáde fún títà ní Tokyo, Astron lorúkọ ẹ̀, 450,000 yen ni wọ́n tà á, owó tó ra mọ́tò kékeré nígbà yẹn. Pé gbogbo wa lè rà á lónìí kò sọ pé nǹkan yẹ̀yẹ́ ni.

Ní báyìí, ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyí. Kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ ẹ, yí aago yẹn dojú dé kó o ka ẹ̀yìn ẹ̀. Lẹ́tà ẹ̀ kéré, lọ síbi tí iná wà. Tó o bá rí ALL STAINLESS STEEL, gbogbo ara ẹ̀ lápapọ̀ ni irin tí kì í dípẹtà. Tó o bá rí STAINLESS STEEL BACK, ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ń sọ fún ẹ o, iwájú ẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lè jẹ́ nǹkan mìíràn, tí wọ́n bá wá fi BASE METAL kún un, ọ̀rọ̀ ti parí, irin gbẹ̀fẹ́ ni wọ́n fi àwọ̀ góòlù tàbí sílífà kùn. Òógùn ilẹ̀ wa yìí kì í ṣàánú ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀yìn etí ibi tí bẹ́líìtì ti wọlé ló máa ń kọ́kọ́ ṣí, àwọ̀ á ká kúrò, irin pupa rẹ́súrẹ́sú á yọjú lábẹ́ ẹ̀, tó bá tún pẹ́ sí i, nǹkan aláwọ̀ ewé á máa hù sáàárín ibẹ̀, á wá máa yún ẹni tó wọ̀ ọ́. Aago tó ń tàn yanran nínú fótò ni o.

Bákan náà, JAPAN MOVT tí wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀ ojú aago, ẹ̀rọ inú ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀rọ náà kì í burú, ọ̀pọ̀ ìgbà Miyota 2035 ni, ọ̀dọ̀ àwọn Citizen ló ti ń wá, bátìrì ẹ̀ á lò tó ọdún mẹ́ta. Àmọ́ kò sọ ibi tí wọ́n ti ṣe ara ẹ̀, kò sì sọ bí ara yẹn ṣe nípọn tó. Èyí tí wọ́n bá sì kọ orúkọ Rolex sí tí wọ́n ń tà á ní ₦30,000, ẹ má gbé e fún òbí.

Ìyá Àlìmá:
Ẹ máa bínú o, ṣé kò sẹ́ni tó rí ibi tí ọmọ yìí ti kọ ọ́ pé Alhaji ni bàbá ẹ̀ ni? Góòlù àti sílíkì, ọkùnrin Mùsùlùmí kì í lò ó, ó wà nínú hàdíìsì kedere. Àwọn àáfà kan ní tó bá jẹ́ àwọ̀ lásán ni, tí góòlù gidi ò sí ńbẹ̀, kò burú, àwọn mìíràn ní kó má tiẹ̀ dé ọwọ́ ọkùnrin rárá. Kí ló dé tí ẹ máa gbé ẹ̀bùn tó ní àríyànjiyàn fún bàbá yín, kí wọ́n wá máa fi ọwọ́ agbádá bò ó ní mọ́sáláṣí? Àwọ̀ funfun ni kí ẹ rà, irin funfun tó mọ́ rekete, ó bá gbogbo aṣọ lọ, láti orí àlàárì dé orí gínnì.

Ìkejì ni àlùwàlá. Omi gbọ́dọ̀ kan awọ ara láti ìka dé ìgunpá, aago tó bá fún mọ́ ọrùn ọwọ́, bíbọ́ ni tàbí kó ṣeé sún dáadáa kí omi lè wọ abẹ́ ẹ̀. Lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ o! Bẹ́líìtì léda tí omi ń kàn tí òógùn tún ń kàn, mo ti rí i lọ́wọ́ ọkọ mi, inú ẹ̀ á dúdú, á le gbagidi, á máa rùn, ihò tí wọ́n ń fi há a á sì máa fà gbọọrọ títí á fi ya. Ẹ yáa ra onísééènì.

Ọmọ Tíṣà:
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bá wa dá yín lọ́lá. Ìyá Àlìmá, ẹ ṣeun mà, ọ̀rọ̀ góòlù yẹn wọ̀ mí lára, mo fi han àbúrò mi, òun náà ti gbà. Mo tún lọ ka ẹ̀yìn èyí tó wù mí yẹn nínú fótò tí ẹni tó ń tà á fi ránṣẹ́, STAINLESS STEEL BACK, BASE METAL BEZEL (wọ́n ní bezel ni òrùka tó yí ojú aago ká), bí Bàbá Alágogo ṣe wí gẹ́lẹ́. Ó ku méjì tí mo fẹ́ bi yín. Ojú dúdú yẹn ńkọ́, tá a bá rí i lára irin funfun? Àti pé sééènì wo ló máa rọ bàbá lọ́rùn, torí ìka wọn ò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn tó jẹ́ pé èékánná ni wọ́n fi ń ṣí i yẹn máa ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ẹnì kan tún sọ fún mi nípa onísólà.

Ẹ̀gbọ́n Peckham:
Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá tèmi náà ń lo awò, torí náà mo mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ fi ojú dúdú sílẹ̀. Tí ọwọ́ aago bá jẹ́ sílífà tí ojú ẹ̀ náà jẹ́ sílífà tó ń dán, ìyẹn tiẹ̀ burú jù, ọwọ́ á sọnù sínú ojú pátápátá tí iná bá tàn sí i. Ojú funfun tí kò dán, nọ́ńbà dúdú láti 1 dé 12, kí wọ́n kọ ọ́ tán, ẹ má gba àwọn tó fi igi tín-ín-rín rọ́pò nọ́ńbà, ọwọ́ dúdú tó nípọn. Kí ẹ tó rà á, ẹ gbé fótò ẹ̀ sórí fóònù kí ẹ dín in kù títí tó fi máa tó aago gidi, kí ẹ nà án sí bàbá láìsọ ìdí ẹ̀, kí ẹ ní "Bàbá, aago mélòó ló wà níbí?" Tí wọ́n bá ń wá awò kiri, ẹ wá òmíràn.

Èyí tí mo máa dárúkọ ni Timex Easy Reader. Orúkọ ẹ̀ ti sọ ọ́, wọ́n dìídì ṣe é kó rọrùn kà ni, nọ́ńbà ẹ̀ pé, ọjọ́ àti déètì wà níbẹ̀, tí wọ́n bá tẹ kókó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, gbogbo ojú ẹ̀ á tàn, Indiglo ni wọ́n ń pè é, ó ti wà láti 1992. Ó dáa fún àsùbáà nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Ó ní èyí tí sééènì ẹ̀ ń fà, tí kò ní kílípì kankan, èèyàn á kàn fà á gba orí ìka, tó bá di àlùwàlá wọ́n á fà á bọ́ tàbí kí wọ́n tì í gòkè apá. Ìka tó ń dùn èèyàn ò ní ìṣòro pẹ̀lú ẹ̀. Àléébù ẹ̀ wà o: sééènì yẹn lè máa fa irun ọwọ́, aago náà sì máa ń dún lóru, kí wọ́n má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ ka ẹ̀yìn tiẹ̀ náà, torí kì í ṣe gbogbo Timex ni wọ́n fi irin gidi ṣe látòkè délẹ̀, èyí tí ẹ máa rà gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Onísólà, ìyẹn Citizen Eco-Drive, aago gidi ni, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, kò sí pé à ń pààrọ̀ bátìrì lọ́dọọdún. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ni oúnjẹ ẹ̀. Abẹ́ agbádá lóde, inú dúrọ́ọ̀ nílé, níbo ló ti máa rí ìmọ́lẹ̀? Àyàfi tí bàbá bá máa ń gbé e sójú fèrèsé. Tí ẹ bá rí i tí ọwọ́ kékeré ń fo ìṣẹ́jú àáyá méjì méjì, ebi ló ń pa á nìyẹn.

Ìwọ̀n náà ṣe pàtàkì. Ọrùn ọwọ́ àgbà máa ń tín-ín-rín, 35 sí 38mm ti tó, kí etí aago má yọ jáde kọjá ẹ̀gbẹ́ ọwọ́, kó sì pẹlẹbẹ kí ọwọ́ bùbá lè gorí ẹ̀ láìkọ́. 30M tí wọ́n kọ sí i, omi tó ta sí i ló wà fún, kì í ṣe pé kí wọ́n fi wẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ọ̀rọ̀ wákàtí 41 yẹn yé mi, fún bàbá tó ń bọ́ aago sílẹ̀, quartz náà ni. Àmọ́ Seiko 5 ṣì ni tèmi o. Àbúrò, ẹ jẹ́ kí wọ́n fín orúkọ Bàbá sẹ́yìn ẹ̀, orúkọ àti ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tíṣà àti ọdún tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Tí wọ́n bá dojú aago dé nílé, wọ́n á máa kà á.

Ọmọ Tíṣà:
Ha, ìyẹn dùn mọ́ mi nínú! Easy Reader olójú funfun, onísééènì tó ń fà, la máa wá lọ. Bàbá Alágogo, ṣé ẹ̀yin lè fín in, kí la tún máa ṣọ́ra fún?

Alágogo Dùgbẹ̀:
A ní ẹni tó ń fín in lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àmọ́ ẹ má sáré. Ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan ná, ẹ tò ó mọ́ aago fóònù, kí ẹ rí i pé kò yà, kí ẹ tan iná ẹ̀ wò, kí ẹ yí déètì wò. Tí ẹ bá ti fín orúkọ sí i, kò sí ọlọ́jà tó máa gbà á padà. Tí ẹ bá rà á tí kò ṣiṣẹ́, ẹ wo kókó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí ẹ tó pariwo, wọ́n sábà máa ń fi rọ́bà kékeré kan há a síbẹ̀ kí bátìrì má bàa jó dànù nínú páálí, ẹ yọ ọ́, kí ẹ ti kókó náà wọlé. Sééènì tó ń fà yẹn, tó bá tóbi, a máa ń yọ díẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ gba èyí tá a yọ, kí ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú páálí ẹ̀.

Bátìrì ni mo fẹ́ kí ẹ rántí jù. Nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ sẹ́yìn aago tàbí sínú ìwé ẹ̀ ni kí ẹ ní kí wọ́n fi sí i. Tó bá jẹ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SR ni wọ́n ní ẹ lò, bíi SR626SW, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi AG4 rọ́pò ẹ̀ torí pé ó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀ tó sì pọ́ọ́kú, omi ara ẹ̀ máa ń jò, á sì jẹ ẹ̀rọ inú. Tó bá sì ti kú, ẹ tètè jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má fi òkú bátìrì sílẹ̀ sínú aago Alhaji.